Kò Rẹ Ẹnikẹ́ni Níbí

Wákàtí kẹfà tí ó ti jókòó pé gẹ́lẹ́ nígbà tí wọ́n gbé ìwé náà wá síwájú Tẹ́ní. Kò yí ojú kúrò lára sikirínì tí ó ń wò. Ó kàn na ọwọ́, ó gba bírò, ó kọ “Ara mi le” síbi tí ó máa ń kọ ọ́ sí, ó sì fọwọ́ sí i. Sájẹ́ǹtì Kọ́lájọ, ẹni tí ó gbé ìwé náà wá, kò tíì lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ojú ọmọbìnrin náà dáadáa.

“Ojú rẹ yìí, Tẹ́ní. Àfi bí ojú ẹni tó gé àlùbọ́sà fún ìgbéyàwó.”

“Eruku ló kó sí i, bọ̀dá mi.”

“Eruku.” Kọ́lájọ wo ọ̀tún, ó wo òsì. Inú kọ̀ńténà onírin ni wọ́n wà, orí báàjì ni kọ̀ńténà náà wà, báàjì sì ń léfòó lórí odò nítòsí Awoye. Omi ni gbogbo àyíká. Eruku tí ó sún mọ́ wọn jù lọ wà ní Igbókòdá, ó sì di dandan kí ó wọ ọkọ̀ kí ó tó lè dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó pa ìwé dé. “Ó dáa. Kí eruku náà kú ìrìn.”

Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni Tẹ́ní Olówòkéré. Ọdún kẹrin rèé tí ó jáde nílé ẹ̀kọ́ girama. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa wa dúróònù, ìyẹn ọkọ̀ òfuurufú kékeré tí kò ní ènìyàn nínú, tí ń fi kámẹ́rà wo ilẹ̀ láti òkè, tí ẹni tí ń wà á sì jókòó jẹ́jẹ́ síbòmíràn níwájú sikirínì. Àwọn ará odò ń pè é ní eṣinṣin ìjọba. Àkókò náà kò dára lójú omi. Àwọn ọ̀dọ́ kan ti gbé ìbọn, wọ́n ń jí ènìyàn gbé, wọ́n ń bẹ́ páìpù, wọ́n ń fi dúrọ́ọ̀mù kó epo tí wọ́n jí lọ tà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi dá ikọ̀ kékeré kan sílẹ̀, tí wọ́n pè é ní Ojú-Àwòdì, pé kí ó máa ṣọ́ odò láti òkè.

Lórí bébà, awakọ̀ mẹ́sàn-án ni Ojú-Àwòdì ní. Lórí báàjì, mẹ́ta ni wọ́n. Ọ̀kan nínú mẹ́ta ọ̀hún, Ṣìkẹ́mi, ti lọ sílé láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n tí orí sì ń fọ́ ọ lójoojúmọ́. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó lọ síbi ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀. Ìgbéyàwó ọlọ́sẹ̀ mẹ́ta nìyẹn. Ó wá ku méjì: Kọ́lájọ, ọmọ Ìwó tí kò mọ̀wẹ̀, tí ó ń gbé ẹ̀wù ìléfòó wọ̀ sùn, àti Tẹ́ní.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé iṣẹ́ náà dẹrùn nítorí pé ìjókòó ni. Omi ni Tẹ́ní ń wò láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, omi àti igbó etí omi, àti àwọn ọkọ̀ tó dà bí èèrà. Ó ti mọ obìnrin kan ní Awoye tí ń bá ọkọ rẹ̀ jà ní gbogbo Ọjọ́rú. Ó mọ bàbá kan tí ń yọ́ ẹja fún ológbò ẹlòmíràn. Ó mọ àsìkò tí oníkálukú ń lọ sí ilé ìgbẹ́ orí omi, ohun tí kò wù ú láti mọ̀ rárá. Kò sí ẹyọ ẹnìkan nínú wọn tí ó mọ òun. Èyí tí ó wúwo jù ni pé ibikíbi tí ó bá nàka sí, ibẹ̀ ni ọkọ̀ ológun ń lọ, ìbọn sì ni wọ́n ń gbé lọ. Ẹni tí ń ṣe irú iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ sùn dáadáa. Gbogbo ayé ló mọ èyí, títí kan àwọn tí ó wà ní Abúja.

Abúja ni wọ́n ti fi ìwé yẹn ránṣẹ́. Òfin rẹ̀ kò le. Ẹni tí ó bá ti jókòó fún wákàtí mẹ́fà, kí ó kọ bí ara rẹ̀ ti rí. Bí ó bá kọ “Ó rẹ̀ mí”, kí ó dìde, kí ó lọ sùn, kí ẹlòmíràn gba ìjókòó. Bí irú ìkọ̀wé bẹ́ẹ̀ bá pọ̀ nínú oṣù kan, á jẹ́ pé àwọn awakọ̀ kò tó, wọ́n á sì fi ènìyàn kún wọn. Ẹni tí ó ro òfin náà ronú jinlẹ̀. Ohun tí kò rò nínú rẹ̀ ni Kọmáńdà Ọlọ́rundáre.

Kọmáńdà kì í ṣe ènìyàn burúkú. Owó ara rẹ̀ ni ó fi ń ra Mílò fún àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló ń ṣe é: ó fẹ́ràn kí àlejò wo òun kí ó mi orí. Ọ̀sẹ̀ tí ìwé náà kọ́kọ́ dé, àwọn awakọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìsinmi bọ̀, “Ara mi le” sì ni gbogbo wọn kọ sí ojú ewé àkọ́kọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kọmáńdà rí i, inú rẹ̀ dùn, ó gé ojú ewé náà, ó fi férémù sí i, ó sì gbé e kọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò ara rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni kò ti sí ẹni tí ó láyà láti kọ ohun mìíràn. Bí àlejò bá dé, Kọmáńdà á nàka sí férémù, á ní, “Kò rẹ ẹnikẹ́ni níbí.” Bí ó bá sì wá kọ lẹ́tà sí Abúja pé kí wọ́n fi ènìyàn kún òun, èsì kan náà ni ó ń gbà: ìwé yín fi hàn pé kò rẹ̀ yín, ẹ kú iṣẹ́. Bí ó bá ka èsì náà, inú á bí i díẹ̀, inú rẹ̀ á sì dùn púpọ̀.

Tẹ́ní náà ní ti ẹ̀ lára. Ìyá rẹ̀ ń ta ẹja gbígbẹ ní èbúté Òde Mahin, kò sì jẹ́ kí ohunkóhun tí ó ní ìyẹ́ kọjá lókè láìnàka sí i fún àwọn oníbàárà. “Ọmọ mi nìyẹn.” Ìbáà jẹ́ bàálù ńlá tí ń kó èrò lọ sí ìlú òyìnbó, Tẹ́ní ló ń wà á. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ti gbé ìyá náà kúrò ní àga ẹ̀yìn wá sí àga iwájú, àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ sì ń pe Tẹ́ní ní Páílọ́ọ̀tì. Díẹ̀díẹ̀ ni Tẹ́ní bẹ̀rẹ̀ sí í gbà gbọ́ pé kì í rẹ òun bí ó ti ń rẹ ọmọ aráyé yòókù.

Ọjọ́ Ẹtì tí à ń wí yìí wá jẹ́ ọjọ́ ńlá. Ọ̀gágun Adétutù ń bọ̀ láti Abúja wá yan ẹnìkan nínú àwọn awakọ̀ tí yóò lọ kọ́ṣẹ́ sí i fún oṣù mẹ́fà lókè òkun. Kọmáńdà ti pe Tẹ́ní sí kọ̀rọ̀. Ó ní bí ó bá lè jókòó wákàtí méjìlá lójú ọ̀gágun láìdìde, òun kò rí ohun tí yóò gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti jókòó wákàtí mẹ́wàá ní àná, ó ti jókòó mẹ́wàá ní ìjẹta. Nígbà tí Kọ́lájọ ní kí òun gba wákàtí mẹ́fà tó kù, Tẹ́ní dá a lóhùn pé bí ó bá jẹ́ Kọ́lájọ gan-an ló fẹ́ lọ sókè òkun, kí ó sọ ọ́ kí àwọn gbọ́. Kọ́lájọ kò bá a jà. Ó ní òkun tí òun ń wò níbí yìí ti tó òun, òun kò ní ohun tí òun ń wá lọ sí òkè rẹ̀. Ó gbé bísíkíìtì kan síwájú rẹ̀, ó sì lọ.

Ọ̀gágun Adétutù gúnlẹ̀ ní agogo méjì. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ohùn rẹ̀ kò sì ga. Tẹ́ní kò bojú wẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ bí Kọmáńdà ti ń fi ibi gbogbo hàn án, títí wọ́n fi dé ìdí férémù. Ọ̀gágun béèrè iye àwọn awakọ̀ tí ó wà nílẹ̀. Kọmáńdà ní mẹ́ta ni wọ́n, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ẹni mẹ́sàn-án ni wọ́n ń ṣe. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń fi ọmọ tó gba ipò kìn-ín-ní hàn. Ọ̀gágun kò mi orí. Ó wo férémù náà pẹ́, lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n máa lọ jẹun, nítorí òórùn ọbẹ̀ marúgbó tí wọ́n sè dè é ti gba gbogbo orí báàjì.

Ó ku Tẹ́ní nìkan. Ẹ̀rọ amúlétutù ń kùn, omi ń lọ lórí sikirínì, omi ń lọ, omi ń lọ. Ó gbé bísíkíìtì sẹ́nu, kò rántí jẹ ẹ́. Ìgbà tí oorun gbé e, kò mọ̀, nítorí pé ojú rẹ̀ là sílẹ̀ kedere. Irú oorun bẹ́ẹ̀ ló burú jù.

Ìgbà tí ó ta jí, àwọn ọkọ̀ náà ti wà níbẹ̀. Ọkọ̀ igi mẹ́ta ni, wọ́n so wọ́n pọ̀ mọ́ ara wọn. Wọ́n da tapólì bo ẹrù orí wọn. Dúrọ́ọ̀mù mẹ́fà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún, mẹ́fà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì. Wọn kò gba àárín odò bí ọmọlúàbí, etí igbó ni wọ́n ń rọra rìn sí. Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, àwọn olè epo ti fara pamọ́ sẹ́yìn irú dúrọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀, wọ́n yìnbọn, wọ́n sì ṣe ológun méjì léṣe. Láti ìgbà náà, àṣẹ ti jáde pé kí ọkọ̀ ológun má sún mọ́ ọkọ̀ tí ó bá kó dúrọ́ọ̀mù mọ́. Kí wọ́n ké sí i lẹ́ẹ̀kan. Bí kò bá dáhùn, kí wọ́n yìnbọn sí i láti òkèèrè.

Tẹ́ní gbé rédíò. Ó ní ọkọ̀ mẹ́ta, dúrọ́ọ̀mù méjìlá, ènìyàn márùn-ún, olè epo ni wọ́n. Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. Promise, ọmọ Awoye tí ó ń darí ọkọ̀ ológun, ní òun ti gbọ́, ìṣẹ́jú méjìlá ni òun máa fi débẹ̀.

Ìròyìn náà dé ìdí oúnjẹ kí ó tó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Gbogbo wọn rọ́ wọlé, ọbẹ̀ marúgbó ṣì wà lórí irùngbọ̀n Kọmáńdà. Ó ní kí ọ̀gágun wò ó, wákàtí kẹsàn-án rèé, ọmọ yìí kò tíì dìde rárá. Ọ̀gágun Adétutù dúró sẹ́yìn àga. Tẹ́ní rí òjìji rẹ̀ nínú dígí sikirínì: ó fa bébà kékeré kan yọ nínú àpò, ó kọ nǹkan sórí rẹ̀. Tẹ́ní mọ̀ pé orúkọ òun ni.

Ní àkókò yẹn ni ọkọ̀ elérò kan sáré kọjá láàárín odò, ìgbì tí ó dá sílẹ̀ sì yí lọ títí ó fi kan àwọn ọkọ̀ tí a so pọ̀ wọ̀nyẹn. Àwọn dúrọ́ọ̀mù náà fò sókè. Wọ́n tún fò.

Tẹ́ní tẹjú mọ́ wọn. Dúrọ́ọ̀mù tí epo kún kì í fò. Ńṣe ló máa ń jókòó sínú omi dé ọrùn, bí àgbà tí ó jẹun yó. Àwọn wọ̀nyí ń jó. Òfìfo ni wọ́n.

Lójijì ni ó rántí ohun tí kò yẹ kí ó gbàgbé. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí òkun jẹ ilẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà wọn lápá Ayétòrò. Bàbá rẹ̀ kò fi ilé sílẹ̀ fún un. Ó tú u ní pákó-ní-pákó, ó tò ó sórí ọkọ̀ mẹ́ta, ó so dúrọ́ọ̀mù òfìfo mọ́ ẹ̀gbẹ́ wọn kí ẹrù má baà rì wọ́n. Wọ́n da tapólì bò ó kí omi má baà ta sí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n dúró de ìkún omi ní ọ̀sán, wọ́n sì gba etí igbó, nítorí pé ìgbì àárín odò lè já okùn. Gbogbo ohun tí ó fi dá àwọn ènìyàn yìí mọ̀ ní olè, òun gan-an ni àwọn òbí rẹ̀ ṣe. Bí ó bá jẹ́ Kọ́lájọ ọmọ Ìwó ni ó ṣì wọ́n mọ̀, kò sí ẹni tí yóò bá a wí. Ọmọ Ìlàjẹ bíi Tẹ́ní, tí ó bá sun oorun tó, kò lè ṣì wọ́n mọ̀ láé.

Rédíò dún. “Mo ti rí wọn,” ni Promise wí. “Mo ti ké sí wọn, wọn ò dáhùn. À ń múra.”

Báwo ni wọn yóò ṣe dáhùn, nígbà tí ẹńjìnnì ògbólógbòó ti ọkọ̀ wọn ń pariwo?

Ó yẹ kí a sọ òtítọ́ níhìn-ín. Kì í ṣe àwọn ènìyàn inú ọkọ̀ ló kọ́kọ́ wá sí Tẹ́ní lọ́kàn. Ìyá rẹ̀ ló wá sí i lọ́kàn, pẹ̀lú àga iwájú. Bébà kékeré ọ̀gágun ló wá sí i lọ́kàn. Ó tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún ara rẹ̀ pé bóyá méjì nínú àwọn dúrọ́ọ̀mù náà kún. Bóyá mẹ́ta. Ó mí lẹ́ẹ̀mẹrin bí ó ti ń rò ó, ìmí mẹ́rin sì gùn púpọ̀ fún ẹni tí ìbọn kọjú sí. Lẹ́yìn náà ni ó tẹ rédíò.

“Promise, gbé ọwọ́ kúrò lórí ìbọn. Òfìfo ni àwọn dúrọ́ọ̀mù yẹn. Ilé ni wọ́n ń kó. Èmi ni mo ṣì wọ́n wò.”

Promise ní kí ó tún un sọ. Ó tún un sọ.

“Tẹ́ní,” ni Kọmáńdà wí jẹ́jẹ́, “ó dá ọ lójú ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá sẹ́yìn.”

“Mo sùn ni, sà.”

“Ta ló sùn?”

“Èmi ni. Mo lajú sùn. Ó rẹ̀ mí, sà. Ó ti ń rẹ̀ mí láti ọjọ́ Ajé.”

Kọmáńdà rẹ́rìn-ín díẹ̀ fún àlejò. Ó ní eré ni ọmọ náà ń ṣe, pé kí ọ̀gágun wo ìwé, ó fọwọ́ sí i lónìí yìí.

“Irọ́ ni mo kọ, mà,” ni Tẹ́ní wí.

“Irọ́ ni èmi náà kọ lánàá,” ni ohùn kan wí láti ẹnu ọ̀nà. Kọ́lájọ ni, pẹ̀lú ẹ̀wù ìléfòó rẹ̀ lọ́rùn. “Mo sì kọ ọ́ dáadáa.”

Ọ̀gágun Adétutù gba rédíò lọ́wọ́ Tẹ́ní. Ó ní kí Promise má yìnbọn, kí ó sún mọ́ wọn díẹ̀díẹ̀, kí ó sì bá wọn sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dúró. Lórí sikirínì, ọkọ̀ ológun ń rọra lọ bá àwọn ọkọ̀ mẹ́ta náà. Tẹ́ní rí bí ẹnìkan ti gbé apá tapólì sókè. Ó pẹ́ kí rédíò tó dún.

“Ilé ni, mà,” ni Promise wí. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. “Ògiri, páànù, fèrèsé. Bàbá àgbàlagbà kan jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì lábẹ́ tapólì, ó ní kí a má ta omi sí òun lára. Adìyẹ wà níbẹ̀. Àwọn ọmọdé méjì ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. A kì bá tí mọ̀.”

Kọmáńdà wá àga, ó jókòó. Ó nu irùngbọ̀n rẹ̀. Ní ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀, kò ní ohun tí ó fẹ́ fi hàn àlejò.

Ọ̀gágun fa bébà rẹ̀ yọ, ó fa ilà kan gbọọrọ lé orúkọ Tẹ́ní lórí, kò sì fi ọwọ́ bò ó.

“Ẹni tí ó kọ irọ́ sínú ìwé iṣẹ́ kò ní lọ sókè òkun lọ́dún yìí,” ni ó wí. “Ẹni tí ó sọ òtítọ́ lórí rédíò kò ní kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ìwọ ni àwọn méjèèjì. Dìde, kí o lọ sùn.”

Ó fún Tẹ́ní ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ìsinmi, láìgba ẹ̀bẹ̀. Ó wá yíjú sí Kọmáńdà, ó ní òun gbọ́ pé Kọmáńdà náà ti wa dúróònù rí. Kọmáńdà ní bẹ́ẹ̀ ni, nígbà tí òun ṣì tẹ́ẹ́rẹ́. Ọ̀gágun ní ó dára bẹ́ẹ̀, kí Kọmáńdà àti Kọ́lájọ jọ máa pín ìjókòó títí ìrànlọ́wọ́ yóò fi dé.

Ohun tí ó tẹ̀lé e, Kọ́lájọ ni ó ròyìn rẹ̀ fún Tẹ́ní lórí fóònù, ó sì fi ọ̀wọ̀ ròyìn rẹ̀. Lọ́jọ́ kìn-ín-ní, Kọmáńdà wọ aṣọ tí wọ́n lọ̀ dáadáa jókòó sídìí sikirínì. Lẹ́yìn wákàtí méjì àti ogójì ìṣẹ́jú, àgbọ̀n rẹ̀ ti kan àyà. Ó ní òun ń ronú ni. Lọ́jọ́ kejì ó tún ronú. Lọ́jọ́ kẹta, ó ní kí wọ́n gbé ìwé wá, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé “Ó rẹ̀ mí díẹ̀.” Ọ̀sẹ̀ kejì, ó yọ “díẹ̀” kúrò. Nígbà tí ojú ewé mẹ́ta ti kún fún àárẹ̀, ó fi wọ́n ránṣẹ́ sí Abúja pẹ̀lú lẹ́tà. Kí oṣù tó parí, awakọ̀ tuntun mẹ́rin dé. Mẹ́fà ni ó béèrè, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ Abúja mọ̀ pé mẹ́rin pọ̀.

Tẹ́ní ti wà ní Òde Mahin nígbà náà. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, oorun ló sùn. Ní ọjọ́ kẹrin, ó jí, ó jẹ púpúrú, ó sì gbọ́ ohun tí ìyá rẹ̀ ń sọ ní èbúté: pé ọmọ òun gba odidi ìdílé kan là lọ́wọ́ ìbọn. Ó lọ bá a nídìí ẹja, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ níwájú àwọn oníbàárà, láti orí oorun títí dé orí irọ́ inú ìwé. Ìyá rẹ̀ na ọwọ́ sí àtẹ. Ó yí ẹja kan padà, ó tún yí i padà.

“Kí ló dé tí o kò sọ ọ́ fún mi pé ó ń rẹ̀ ọ́?” ni ó béèrè níkẹyìn.

“Ẹ ti sọ fún gbogbo èbúté pé mo ń fò, ìyá mi.”

Obìnrin náà wò ó. Ó di ẹja mẹ́wàá tí ó tóbi jù lórí àtẹ, ó ní kí ó gbé e lọ fún ẹni tó ni ilé orí ọkọ̀ yẹn.

Bàbá Jọọlá ni orúkọ rẹ̀. Etí odò kan lẹ́yìn Òde Mahin ni ó gbé ilé rẹ̀ wá, tí òkun kò lè tètè dé. Nígbà tí ọkọ̀ Tẹ́ní gúnlẹ̀, ó wà lórí àkàbà pẹ̀lú òòlù, ògiri méjì ti dúró, ẹ̀kẹta ń ronú. Àwọn ọmọdé méjì ń lé adìyẹ kan lórí pákó. Tẹ́ní wò wọ́n, ó sì kúnlẹ̀ sórí pákó.

“Ìwọ ni ọmọ eṣinṣin ìjọba?” ni bàbá béèrè láti òkè.

“Èmi ni, bàbá.”

“Ìwọ ni o ní kí wọ́n yìnbọn lù wá?”

“Èmi ni.”

“Wọ́n ní ìwọ náà lo ní kí wọ́n má yìn ín mọ́.”

“Èmi náà ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí.”

Bàbá Jọọlá ro ọ̀rọ̀ náà, ó yọ ìṣó méjì kúrò lẹ́nu. “Èyí àkọ́kọ́, ó yẹ kí n bá ọ jà. Èyí ìkejì, ó yẹ kí n dúpẹ́. Mo ti dàgbà, mi ò lè ṣe méjèèjì lọ́sàn-án kan. Wá bá mi di pákó yìí mú.”

Ó dì í mú. Bí bàbá ti ń kan ìṣó ni ó ń ròyìn fún un, kì í sì í ṣe ìbẹ̀rù ni ó ń ròyìn. Ó ní lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ náà yanjú, ọkọ̀ ológun ló ṣáájú òun títí dé ibí, pẹ̀lú àsíá, gbogbo ará etí odò sì jáde wá wòran. Ó ní kí ó lọ wádìí rẹ̀ kárí gbogbo etí òkun bóyá ilé mìíràn wà tí ìjọba sin débi ìpìlẹ̀ rẹ̀. Tẹ́ní ní òun kò mọ̀ ọ́n. Bàbá ní kò sí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìtàn yìí lè má wa dúróònù láé. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ìdánwò tàbí iṣẹ́ yóò wọ̀ yín lọ́rùn, tí ẹnìkan yóò bi yín bí ara yín ti rí, tí ojú gbogbo ènìyàn yóò sì wà lára yín. Ìyìn máa ń dùn nígbà náà, ó sì rọrùn láti kọ “Ara mi le”. Ẹ kọ òtítọ́. Bí ó bá rẹ̀ yín, ẹ sọ pé ó rẹ̀ yín, kí ẹ sì sọ ọ́ kí iṣẹ́ tó bàjẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá fi àárẹ̀ rẹ̀ pa mọ́ nítorí ògo, òun nìkan kọ́ ni yóò san án. Ẹni tí kò mọ̀ rí, tí ń lọ jẹ́jẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ilé rẹ̀ lórí omi, lè bá a san án. Bí ẹ bá sì ti ṣì í ṣe tẹ́lẹ̀, bí ti Tẹ́ní, ó ṣì sàn kí ẹ pa ìtìjú tì, kí ẹ sọ̀rọ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì lè ran ẹnìkan lọ́wọ́.

Ní ti Tẹ́ní, ògiri kẹta dúró lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ó jókòó sórí pákó tuntun láti sinmi díẹ̀, afẹ́fẹ́ odò ń fẹ́, ó ní ó rẹ òun, ó sì fẹ̀yìn lélẹ̀. Bàbá Jọọlá gbé òòlù sókè fún ìṣó tó kàn. Ó wo ọmọbìnrin náà, ó rọra sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà, ó sì ní kí àwọn ọmọ lé adìyẹ wọn lọ síta, ẹnìkan ń sùn nínú ilé.